Aṣọ Ìkẹyìn Bàbá Mi Kì í Gbélé

Ìgbà tí bàbá mi lọ sí Mẹ́kà, ohun mẹ́ta ló gbé bọ̀: kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ Samsam kan, aago ọwọ́ kan tí kò fìgbà kankan ṣiṣẹ́, àti aṣọ tí a ó fi sin ín.

Mi ò ṣàsọdùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra aṣọ funfun, wọ́n á fi omi Samsam fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí di ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè. Likkafani ni àwọn Hausa ń pè é, àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Maiduguri, tí Hausa yọ̀ lẹ́nu wa ju Yorùbá lọ, likkafani náà ni à ń pè é. Bàbá mi nìkan ló ń pè é ní aṣọ ìkẹyìn, á sì máa fi fọ́nnu bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó.

Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí. Àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ àti ìṣó ló ń tà. Àdúgbò Gwange là ń gbé, nínú ilé alámọ̀ kan tí a ti fi búlọ́ọ̀kù tún ṣe títí a ò fi mọ ibi tí amọ̀ parí sí mọ́. Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́n ká, èmi ni mo kù sílé pẹ̀lú rẹ̀, èmi náà ni mo sì ń jókòó sí ìsọ̀ báyìí. Mo máa ń tètè bínú. Mo sọ ọ́ fúnra mi kí oníbàárà kan tó sọ ọ́ fún yín.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, bàbá mi á gbé aṣọ náà jáde kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Á sá a sórí okùn láàárín àgbàlá, á gbé àga tì í, á máa ṣọ́ ọ. Ìyá mi, tí kì í fẹ́ kí okùn ṣòfò, á sá yẹ̀rì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi á ní, "Ṣé ẹ̀gbẹ́ aṣọ tí mo fẹ́ fi pàdé Ẹlẹ́dàá mi lo wá ń sá yẹ̀rì sí?" Ìyá mi á ní, "Ẹlẹ́dàá náà ló dá ẹni tó ni yẹ̀rì." Lọ́dún kan, ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, ó sì fa etí aṣọ náà jẹ. Bàbá mi lé e dé ojú títì, ó ń pariwo pé ó ti jẹ nínú ikú òun, pé òun ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Ewúrẹ́ náà pẹ́ láyé gan-an. Ojoojúmọ́ là ń rí i.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ náà kì í ṣe bàbá mi. Bíríkìlà kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ṣubú lulẹ̀, tó sì kú, lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde nílùú, tí gbogbo ìsọ̀ wà ní títì pa. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, aṣọ kò sì sí. Ni ẹnìkan bá rántí pé Baba Bayarabe, ìyẹn Bàbá Yorùbá, ní tirẹ̀ nínú àpótí. Àwọn ẹbí wọlé wá, wọ́n jókòó, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Bàbá mi ló gbọ́ ohun tí wọn ò sọ. Ó wọ inú iyàrá, ó gbé e jáde, ó fi lé wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ tùwó bí ẹni tí kò jẹun láti èṣí. Ó ní ara òun fúyẹ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n orí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ìsọ̀, ó fi ìṣó tò ó sórí tábìlì. Ó ní awakọ̀ tó ń kó èrò ní gáréèjì ni ikú. Ẹni tó bá ti di ẹrù tán, tó dúró lẹ́bàá ọkọ̀, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ kó wọlé. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá tíì pé á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí, ọkọ̀ ò sì ní dúró. "Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ yẹn kò bá sí nílé," ó ní, "ẹrù mi kò tíì pé."

Mo ní, "Bàbá, bíríkìlà ńkọ́? Òun ò ní aṣọ kankan nílé, ọkọ̀ sì gbé e."

Ó kó àwọn ìṣó náà padà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, iyàn jíjà rẹ ló ń lé oníbàárà."

Ó ra òmíràn nítorí pé ojú tì í kí wọ́n gbọ́ pé odidi Àlájì ò ní aṣọ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó pẹ́ nílé. Ìyá ládàánì mọ́sáláṣí wa ló wọ èkejì lọ. Gbogbo Gwange ti mọ̀ pé bí ikú bá dé lójijì, kí wọ́n lọ kanlẹ̀kùn Baba Bayarabe. Ọ̀làwọ́ ni wọ́n ń pè é. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìyá mi wọ̀ lọ. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Aṣọ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sin ọkùnrin, márùn-ún ni ti obìnrin, nítorí náà aṣọ bàbá mi kò tó. Ó mú agbádá funfun tó fẹ́ràn jù, ó fi ọ̀bẹ ya á fúnra rẹ̀, ó fi kún un. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹrù lọ́jọ́ yẹn, kò sì sọ ọ́ fún odidi ọdún kan. Ní tèmi, mo bú gbogbo àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, láti orí ẹni tó jókòó pẹ́ jù dé orí ẹni tó tètè lọ. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí à ń gbà banú jẹ́.

Aṣọ kẹrin ni ìjà wa dá lé. Bàbá mi rà á, ó fi ìyókù omi Samsam inú kẹ́ẹ̀gì fọ̀ ọ́, ó gbé e sínú àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí ẹni tí yóò kú. Ẹnikẹ́ni kò kú. Mi ò mọ ohun tó ṣe àwọn ará àdúgbò wa lọ́dún náà, ara gbogbo wọn le koko. Bàbá arúgbó kan tó ti ń wúkọ́ láti ìgbà èwe mi tún fẹ́ ìyàwó. Bí bàbá mi bá ti ọ̀nà mọ́sáláṣí dé, á ní, "Gbogbo wọn ló pé," pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Àárín ìgbà náà ni ìpá rẹ̀ dàgbà. Ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó kàn ń fi gbárìyẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ bò ó, ó ń sọ pé ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dá òun nìyẹn. Nígbà tó di pé kò lè jókòó láì pariwo, mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Dókítà fọwọ́ kàn án, ó ní ìfun ló yọ gba ibi tí kò yẹ. Ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n bí ìfun náà bá lọ́ pọ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà, a lè má rí àyè gbé e dé ọsibítù láàyè. Ó fún wa ní ọjọ́: Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

A ò tíì jáde nínú ọgbà ọsibítù tí bàbá mi fi sọ ọ́. "Bí aṣọ yẹn bá wà nílé, mi ò gun tábìlì kankan. Ẹrù mi ti pé. Bí mo bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo lọ nìyẹn."

Mo ní kí n sun aṣọ náà níná. Ó ní omi Samsam wà lára rẹ̀. Mo ní kí n jù ú nù. Ó ní ṣé mo ya wèrè ni? Òkú ni wọ́n rà á fún, òkú ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Mo wá jókòó nínú kẹ̀kẹ́ nápẹ́ẹ̀pù, èmi ọmọlúàbí, mo ń ronú lórí ẹni tó lè kú ní àdúgbò wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan, alápatà àtijọ́ ní Kasuwan Shanu, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ báyìí, ojú rẹ̀ là. Ó ní a gbọ́dọ̀ lọ kí i kíákíá. Mo rí i tó ń ti ọ̀rá dúdú kan bọ abẹ́ gbárìyẹ̀.

"Bàbá, kí ni yẹn?"

"Ẹ̀bùn ni."

"Ẹ̀bùn kí ni?"

"Bí mo bá kú, kí wọ́n má wá ìdí jìnnà. Ìbéèrè tìrẹ ló pa mí."

A bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì jókòó tì í, ojú rẹ̀ ti wọnú lọ. "Sannu, ya jiki?" ni bàbá mi fi béèrè àlàáfíà rẹ̀. "Da sauƙi," ni ọkùnrin náà dáhùn pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí gbogbo aláìsàn ṣe máa ń sọ pé ara ti ń fúyẹ́ kódà bó bá jẹ́ pé ọ̀run ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ayé ṣe jẹ́ ọjà tí ọ̀run sì jẹ́ ilé, àti bó ti dára tó kéèyàn má fi ọwọ́ òfo rìnrìn àjò. Èmi ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀rá náà yọ, ó gbé e lé aláìsàn láyà.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé aṣọ ọdún ni. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì yẹ aṣọ náà wò, òórùn kànfọ̀ tí a fi ń lé kòkòrò bá ta sí i nímú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Likkafani?"

Bàbá mi fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹni tí wọ́n ń gbé lọ tọ̀ láàárọ̀ ló fò dìde yẹn. Ó gbá búútà àlùwàlá mú, ó jù ú, ó ba ògiri. Ó lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ní bí ikú bá ń yá bàbá mi lára tó báyìí, kó kọ́kọ́ lọ gbẹ́ sàréè tirẹ̀ kó sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ wò. Àwọn ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ní láti jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i ní Kasuwan Shanu tó di màlúù kan ní ìwo mú, tó ń bá ẹni tó ni ín jà. Àwọn ìyàwó fi odidi ẹsẹ̀ màlúù ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní kí Ọlọ́run bùkún Àlájì, oògùn rẹ̀ jẹ́. Inú bàbá mi bà jẹ́ gan-an. Òun nìkan ló jẹ ọ̀pọ̀ jù nínú ẹsẹ̀ náà.

Ó tún gbé aṣọ lọ bá lèmọ́mù. Lèmọ́mù ní mọ́sáláṣí kì í bá alààyè tọ́jú ẹrù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ìgbà yẹn ni mo ké sí kọ́pà.

Ọmọ Èkìtì ni, obìnrin, ọmọ ìjọ, tí ìjọba rán wá sìnlú lọ́dọ̀ wa. Iyàrá tó kọjú sí títì nílé wa ló ń gbé. Fìlọ́sọ́fì ló kà ní yunifásítì. Ó ti ṣàlàyé fún bàbá mi rí pé ìmọ̀ nípa ìrònú ni, bàbá mi ní ṣé àwa tí a ò kà á kì í ronú ni? Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán an lọ ní Khaddamari náà kò mọ ohun tí wọn ì bá fi ìwé rẹ̀ ṣe, wọ́n bá ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló fi ọkà bàbà hàn án.

Mo ní, "Ìwọ ló ka ìwé ìrònú. Bàbá mi ń ronú lódì. Bá mi tún un ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú gan-an ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lábẹ́ igi dógóyárò tó wà nínú àgbàlá wa. Kọ́pà jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì fi ọ̀wọ̀ gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, kí wọ́n tó bí yín, ṣé nǹkan kan ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín níbẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ rí i? Ibi tí kò dunni kí a tó wá, kò lè dunni nígbà tí a bá padà."

Bàbá mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ìyá mi sọ fún mi pé oṣù mẹ́sàn-án pé, mi ò jáde. Nígbà tí wọ́n fi agídí mú mi jáde, ẹkún ni mo ń sun. Ohun tí ó fi hàn ni pé èmi kì í fẹ́ kúrò níbi tí mo bá wà."

Kọ́pà dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó lọ ronú sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé láti Khaddamari, eruku lára bàtà rẹ̀, ó ní òun ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ó ní aṣọ náà kò mọ nǹkan kan, kò lè pe ikú.

"Páásípọ́ọ̀tù náà kò mọ nǹkan kan," ni bàbá mi dáhùn. "Bó bá ṣe pé mi ò ní in ni, ṣé wọn ì bá gbé mi dé Mẹ́kà?"

Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń fi ìbínú gúnyán. Ẹni tí mo pè kó bá mi yọ ẹ̀gún ni bàbá mi tún ń kọ́ níwèé yìí. Lọ́jọ́ kẹta, sùúrù tán nínú kọ́pà, ọ̀wọ̀ náà sì dín kù díẹ̀. "Bàbá, aṣọ ni aṣọ! Bó bá wà lábẹ́ ibùsùn yín, aṣọ ni. Bó bá wà lábẹ́ tèmi, aṣọ náà ni."

"Lábẹ́ tìrẹ?" ni bàbá mi wí.

Kó tó mu kúnú ọwọ́ rẹ̀ tán, àpótí ti ṣófo, aṣọ ìkẹyìn ti dé abẹ́ ibùsùn kọ́pà. Bàbá mi bù tùwó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n ránṣẹ́ sí dókítà pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín sí oníbàárà kan ní ìsọ̀, ó sì bi mí bóyá ara mi yá.

Ọjọ́ kìíní, kọ́pà ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì, ó ní iyàrá òun móoru, òun á wá máa bá mi sùn. Inú ọyẹ́ ni a wà, ètè gbogbo wa ti là. Ọjọ́ kẹta, ó béèrè bóyá ikọ́ ọyẹ́ lè pààyàn. Mo ní kì í pààyàn. Ó ní, "Àǹtí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó kú." Ọjọ́ kẹrin, ó dá kẹ̀kẹ́ nápẹ́ẹ̀pù mẹ́ta dúró láì wọ ọ̀kankan, ó ní ojú àwọn awakọ̀ náà kò fọkàn òun balẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Èkìtì, ó sì ṣe àṣìṣe, ó sọ ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. "Jésù!" tí ìyá náà ké nínú fóònù, àwọn adìyẹ wa sá.

Mo pè é sí kọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé bó bá dá aṣọ yẹn padà kó tó di Ọjọ́bọ̀, òun gan-an ni n ó fi aṣọ náà dì. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo mọ̀. Ẹ̀rù ìpá bàbá mi ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn, bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á gbọ̀n. Èmi, n ó kàn wá ẹni bú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá mi ti kírun tán, oòrùn ti yọ, ó jókòó sórí ẹní lábẹ́ dógóyárò pẹ̀lú kúnú gbígbóná. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń dín àkàrà. Mo rí kọ́pà tó jáde pẹ̀lú aṣọ ìsìnlú lọ́rùn, ọ̀rá dúdú lọ́wọ́, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi ṣíbí ṣẹ́wọ́ sí i pé kó padà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kà á. Gbogbo àlàyé rẹ̀ wà lórí mi. Kò ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kú." Ó bú sẹ́kún.

Àkàrà ń jóná níwájú mi, mi ò lè yíjú sí i. Mo mọ ohun tó kàn. Bàbá mi á gba aṣọ rẹ̀, á ní òun ò lọ mọ́, ìfun á lọ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò retí, n ó sì kù èmi nìkan nínú ilé yìí pẹ̀lú àgádágodo.

Bàbá mi wo ọ̀rá náà. Ó wá wo ọmọ náà.

"Jókòó dáadáa," ó ní. "Kí lo fẹ́ràn láyé yìí?"

"Kí ni?"

"Mo ní kí lo fẹ́ràn."

Ó ronú, omi ń ṣàn nímú rẹ̀. "Àkàrà," ó ní. "Ìyá mi. Àti… ẹnìkan tí a jọ wà ní kám̀pù."

"Òun náà fẹ́ràn rẹ?"

"Kò tíì mọ̀, Bàbá."

"Háà! O ò lè kú nìyẹn. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀." Ó gbé kúnú, ó mu ún, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Gbọ́ mi. Ayé ló dùn mọ́ ọ, òun lo ń pè ní ẹ̀rù ikú. Àlejò tó ń sunkún nígbà tó fẹ́ lọ, ṣé onílé ló ṣẹ̀ ẹ́? Onílé tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n febi pa nílé àlejò, ijó ni yóò jó jáde. Nítorí náà, bí ẹ̀rù bá tún ń bà ọ́, má ṣe pariwo pé mo gbé o. Sọ pé, ẹ ṣeun o, ẹ tọ́jú mi." Ó nawọ́ sí mi. "Gbé àkàrà wá fún un."

"Ó ti jóná, Bàbá."

"Ẹni tí kò fẹ́ kú kì í ṣa àkàrà."

Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó ń fi ẹkún jẹ ẹ́. Ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó ní òtútù ni. Bàbá mi bá tú ọ̀rá, ó fa aṣọ ìkẹyìn yọ, kọ́pà sì fò sẹ́yìn. "Fara balẹ̀, èmi ni mo ni ín." Ó wé e mọ́ ọrùn ara rẹ̀ bí ìborùn. "Wò mí dáadáa. Ṣé mo ti kú?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó tilẹ̀ ń mú ara móoru," ó ní, ó tún gbé kúnú, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, kúnú dà sí gbogbo iwájú aṣọ náà.

Kọ́pà ló kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín, àkàrà sì há a lọ́fun. Bàbá mi ń lù ú lẹ́yìn, ó ń wo àbàwọ́n. "Àfi ká fọ̀ ọ́," ó ní. "Wọn ò lè fi aṣọ oníkúnú sin Àlájì." Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti gbé ọṣẹ àti bàsíà jáde.

Kò sọ mọ́ pé òun ò lọ. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo àlàyé yẹn rẹ̀ lẹ́kún? Ojú ń tì í. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìtìjú náà.

Kí ọkàn yín má baà máa já, ó jáde láàyè nínú iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n dá gbogbo ìfun òun padà tàbí wọ́n mú díẹ̀. Ó wà níbí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń bínú pé mo fẹ́ gbé ìpá òun káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó wọlé ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ti bọ́ gbárìyẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ọsibítù fún un, irú èyí tó ṣí sílẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bó ṣe ń gun ibùsùn onítáyà, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé òun kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká dúró, wọn ò tíì múra tán. Ó fi àwa méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iyàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n lára irin ibùsùn, irin náà sì ń dún. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń dún sí i.

Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé yẹn ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ọmọ yẹn ló ń sunkún. Bí èèyàn bá ń rẹ ẹlòmíràn lẹ́kún, kì í ráyè bẹ̀rù." Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, bí ẹni tó ń wá a. "Òun náà kò sì sí níbí. Ó ti lọ kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀."

Láti kékeré mi, mi ò sọ fún bàbá mi rí pé ẹ̀rù ohunkóhun ń bà mí. Nígbà tí ìbọn ń dún nílùú yìí, inú ló bí mi. Nígbà tí ìyá mi kú, inú ló bí mi. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀ lórí irin náà.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí."

Ó yíjú sí mi kíá. "Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé ẹ máa lọ, kí n wá kù èmi nìkan."

"Ìwọ?" ó ní. "Ìwọ yìí?" Ó dìde jókòó, ó gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n nu ojú mi, kí n gbọ́, kò ṣòro rárá, ká sọ pé àlejò kan dé sí ilé kan. Nọ́ọ̀sì dé, ó ń tì í lọ, kò dákẹ́. Ó sọ ohun tí wọ́n sè fún àlejò náà, ó sọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí, èmi ń sáré tẹ̀lé ibùsùn náà títí wọ́n fi ní mi ò lè kọjá ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó di tèmi mú kò gbọ̀n mọ́. Tèmi ló ń gbọ̀n.